Fódà kan náà, 1.24 GB níbí, 6.1 GB lọ́hùn-ún: ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

aranso_ibara: Ẹ kú ilé o. Mo kó gbogbo dìsáìnì mónọ́grámù mi sórí fláàṣì 64 GB tuntun. Mo right-click fódà yẹn, mo tẹ Properties. Lórí kọ̀ǹpútà, Size on disk, ìyẹn àyè tó gbà, jẹ́ 1.24 GB. Lórí fláàṣì, 6.1 GB! Size tó wà lókè ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n fáìlì gan-an, kò yí padà, 1.14 GB ni níbi méjèèjì. Ọkọ mi ní fáírọ́ọ̀sì ni.

omo_lisabi: Fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ fọ́máàtì ẹ̀ kíá.

pc_kuto: Ọmọ Lísàbi, ẹ má kó bá oníṣẹ́ o. Àǹtí, fáìlì yín tó mélòó?

aranso_ibara: Ó lé díẹ̀ ní 50,000. Dst, fáìlì tí ẹ̀rọ mónọ́grámù ń kà, ni gbogbo ẹ̀, kékeré-kékeré, 20 KB, 25 KB.

pc_kuto: Ẹ̀n-ẹ́n! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. exFAT, ìyẹn ètò kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sínú fláàṣì, ni wọ́n sábà máa ń ṣe fláàṣì 64 GB sí. Tí exFAT bá sì ti ju 32 GB lọ, 128 KB ni Windows fi ń pín àyè inú ẹ̀. Fáìlì 20 KB tó bá wọlé, gbogbo 128 KB yẹn ló di tiẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a jókòó síbẹ̀. Bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ jòjòló sórí ìjókòó Márúwá tí dírẹ́bà gba owó àgbà. NTFS, irú ètò bẹ́ẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, 4 KB ló fi ń pín, òun ni kì í fi í ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò 128 KB lọ́nà 50,000, ẹ wò ó bóyá kò ní gbé yín dé 6.1 GB.

iya_ibeji_ilewo: Dírẹ́bà wo ló ń gba owó ọmọ jòjòló?

omo_lisabi: Wọ́n ń gbà á o! Ẹ lọ wọkọ̀ ní Láfẹ́nwá. Wọ́n á ní ẹ gbé e lẹ́sẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ sanwó.

itoku_boy: Tèmi burú ju ti Àǹtí lọ. Mo ra hard disk 500 GB, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, 465 GB ló gbé jáde. Mo gbé e padà fún ẹni tó tà á, a fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Ó tú òmíì nínú páálí lójú mi, 465 náà ni. Mo ṣì gbà pé 35 GB mi wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

alabata_student: Kò sólè níbẹ̀. Bílíọ̀nù báìtì kan ni àwọn tó ṣe é ń pè ní GB kan. Windows ní tiẹ̀, 1,024 lọ́nà 1,024 lọ́nà 1,024 ló fi ń kà á. Ẹ so ó mọ́ Mac, 500 lẹ máa rí, wọ́n ti yí ìkà tiwọn padà láti 2009.

itoku_boy: Ta ló ní Mac ní Ìtòkú? Kí ló dé tí ìṣirò àwọn ọlọ́jà kì í ṣì sápá oníbàárà láé?

iya_ibeji_ilewo: Ẹ bi wọ́n o jàre.

foto_kemta: Oníbàárà kan ní mo yọ nínú fọ́tò ìgbéyàwó òun. Ó wọnú fódà, ó tẹ Ctrl+A, ó wo iye GB. Èmi tẹ Properties lára fódà gan-an, tèmi pọ̀ jù tiẹ̀ lọ. Àṣé fáìlì tó fara pamọ́ ni! Ctrl+A kì í mú èyí tí kò hàn, Properties fódà sì ń kà á mọ́ ọn. Mo lọ sí View, mo máàkì Hidden items, àwọn tó fara pamọ́ bá yọjú. Ó rí i, ó dákẹ́, kò tíì san báláǹsì.

omo_lisabi: Ẹ má gbé álíbọ́ọ̀mù fún un!

alabata_student: Ẹ̀gbọ́n mi rí "Size on disk: 0 bytes" lórí fódà iṣẹ́ ẹ̀, ó ti fẹ́ pe pásítọ̀. OneDrive ló gbé fáìlì sókè sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmì ìkùukùu wà lára ẹ̀ rẹpẹtẹ, kò wò ó.

pc_kuto: Ẹ yéé fi GB wéra. Iye fáìlì tó wà níwájú Contains ni kẹ́ ẹ fi wéra.

aranso_ibara: Mo ti wò ó, iye kan náà ni. Ṣé kí n sọ fláàṣì di NTFS ni àbí kí n zip gbogbo ẹ̀, kó di fáìlì kan ṣoṣo?

pc_kuto: Ẹ zip ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kó 50,000 lẹ́yọ-lẹ́yọ, iná á lọ kẹ́ ẹ tó parí.

iya_ibeji_ilewo: Iná wà lọ́dọ̀ yín ni?

itoku_boy: Àǹtí, nínú 50,000 yẹn, ẹ fi ti ọrùn agbádá ránṣẹ́ sí mi.