Àtúnṣe ìwé àṣẹ kọ́ o: àbá lórí "àtúnyọ̀ǹda"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé bí àwọn tó ni sọ́fútíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba bá yí láísẹ́ǹsì rẹ̀ (ìwé tó sọ bí a ṣe lè lò ó) padà, kí a máa fi Yorùbá pè é ní "àtúnṣe ìwé àṣẹ". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò lè fara mọ́ ọn.

Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Bí a bá pè é ní àtúnṣe, a ti gbè sẹ́yìn ẹni tó yí i padà, ẹjọ́ ò tíì dé iwájú àgbà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Redis, sọ́fútíwíà kan tó ń tọ́jú dátà, kúrò lórí BSD, láísẹ́ǹsì tí kò fi bẹ́ẹ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó ní kí oníkálùkù mú ọ̀kan nínú RSALv2 àti SSPLv1, láísẹ́ǹsì méjì tó le jù ú lọ. Àwọn kan tó ti ń bá wọn kọ ọ́ ò rí àtúnṣe kankan níbẹ̀. Inú oṣù yẹn náà ni wọ́n gbé ẹ̀dà tó ṣì wà lábẹ́ BSD, wọ́n sọ ọ́ ní Valkey, wọ́n fà á lé Linux Foundation lọ́wọ́, àjọ kan tó ń bójú tó irú sọ́fútíwíà bẹ́ẹ̀.

"Àṣẹ" ló tún dùn mí jù. Òkè ni àṣẹ ti ń wá: ọba ló ń pa á, ìjọba ló ń fún awakọ̀ ní ìwé rẹ̀. Ẹni tó kọ ogún ìlà sínú kóòdù kì í ṣe ìjọba. Ohun tirẹ̀ ni, ó ní kí aráyé máa lò ó. Ó yọ̀ǹda rẹ̀ ni. Lọ́nà Ìtòkú, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ilé alámọ̀ kan pé "Ilé yìí kì í ṣe títà", òjò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ "títà" yẹn dànù. Olórí ẹbí nìkan kò gbọdọ̀ tà á, àfi kí àwọn àgbà ẹbí fohùn sí i. Kóòdù tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọ náà rí bẹ́ẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá ti buwọ́ lùwé gbé ẹ̀tọ́ wọn fún ẹlòmíràn, tàbí bí láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀ bá fàyè gbà á. Kí àwọn VLC (áàpù tí a fi ń wo fídíò) tó gbé ẹ́ńjìnnì wọn kúrò lábẹ́ láísẹ́ǹsì GPL sábẹ́ LGPL tó rọ̀ jù ú lọ lọ́dún 2011, ńṣe ni wọ́n ń wá àwọn tó bá wọn kọ ọ́ kiri. Nígbà tí OpenStreetMap, máàpù tí aráyé jọ ń yà, bọ́ sábẹ́ láísẹ́ǹsì ODbL ní 2012, iṣẹ́ àwọn tó kọ̀ jálẹ̀, yíyọ ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí máàpù.

Nítorí náà, kí ìwé fúnra rẹ̀ máa jẹ́ láísẹ́ǹsì; ọlọ́kadà gan-an mọ̀ ọ́n. Kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà máa jẹ́ "ìyípadà láísẹ́ǹsì". Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni kó máa jẹ́ "àtúnyọ̀ǹda": kó tún un yọ̀ǹda lábẹ́ àdéhùn tuntun. A ó lè wá sọ pé "ìyípadà láísẹ́ǹsì láìsí àtúnyọ̀ǹda". Ohun tó bí àwọn kan nínú ní Redis nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé BSD fàyè gbà á.

Ó ká mi lára. Òru mẹ́ta ni mo fi túmọ̀ áàpù kan sí Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ṣí i, láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti yí, ẹnikẹ́ni ò kọ lẹ́tà sí mi. "Fi pamọ́" (ìyẹn "Save") tí mo rò títí kí n tó yàn án ṣì wà lórí bọ́tìnnì.

Ẹnì kan tún ní kí a máa pe irú àwa tí a ń bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ní "ọlọ́wẹ̀". Rárá o. Bí a bá ṣọ̀wẹ̀ tán, tí a jẹun tán, olóko ló ni gbogbo ebè. "Alájọkọ" ni mo fara mọ́, bí alájọbí. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.