Ṣé ẹ̀rín ń ṣiṣẹ́ lára lóòótọ́, àbí dókítà kàn ń tù mí nínú?

Ìyá Dámi, Mararaba:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Dókítà kọ oògùn, ó tún wá ní, "Màmá, ẹ máa rẹ́rìn-ín o." Mo wo ojú ẹ̀ títí. Èmi tí mo ń jí lóru kí gósílóò Nyanya lọ́nà Àbújá má baà ká mi mọ́, kí ni mo fẹ́ máa rín?

Ọmọ mi wá àwọn aláwàdà sórí fóònù fún mi. Mo ń dá wò wọ́n lóru, ẹ̀rín músẹ́ lásán ni, kò dénú. Àfi lánàá nínú bọ́ọ̀sì. Kọ́ńdọ́ ò ní ṣéńjì, ló bá so bàbá arúgbó kan pọ̀ mọ́ ọmọge kan, pé kí wọ́n lọ pín ẹgbẹ̀rún náírà ní Berger. Bàbá ní, "Ọmọ, wọ́n ti so wá pọ̀, ó ku ìdána." Ọmọge náà ò tiẹ̀ wojú ẹ̀: "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ fún mi ní ṣéńjì mi ná, ibẹ̀ ni mo ti máa mọ̀ bóyá ẹ lè bọ́ mi." Háà! Gbogbo ọkọ̀ dàrú. Dírẹ́bà gan-an ń lu sítíárì. Orí tó ti ń fọ́ mi láti Nyanya, nígbà tá a fi máa dé A.Y.A., mi ò mọ ibi tó gbà lọ.

Kí ló dé tí ti bọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́, tí ti fóònù ò ṣe nǹkan kan? Ṣé mo sì lè rọra fi oògùn yẹn sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada:
Rárá o, Mà! Ẹ̀rín ò lè dípò oògùn.

Àmọ́ dókítà yín ò purọ́. Tá a bá ń rẹ́rìn-ín gidi, ọkàn á kọ́kọ́ sáré díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo iṣan á wá dẹ̀. Ọpọlọ náà máa ń tú endorphin jáde, èyí tí ara fúnra ẹ̀ fi ń pa ìrora. Onímọ̀ kan, Robin Dunbar, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Oxford gbé àyẹ̀wò kan jáde lọ́dún 2011. Wọ́n ní káwọn èèyàn wo eré apanilẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá dán ìfaradà wọn wò. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n lò ni aṣọ tá a fi ń fún apá tá a bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ń fẹ́ ẹ le títí tó fi máa dùn wọ́n dójú ẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín fara dà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti fóònù, Robert Provine, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, rí i pé ẹ̀rín tá a ń rín láàárín èèyàn tó ìlọ́po 30 èyí tá a ń dá rín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe nítorí àwàdà. Ẹ̀yin àti fóònù nínú òkùnkùn, ta ló fẹ́ bá yín gbè é?

Bàbá Sabon Gari, Kánò:
Àwọn ará ibí ò dúró de Oxford. Látayébáyé ni Bàrèbárì (àwọn Kanuri) àti Fúlàní ti ń bú ara wọn ṣeré. Kánò àti Zaria náà ń ṣe é síra wọn. Wasan barkwanci ni wọ́n ń pè é. Ní ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi, Fúlàní kan máa ń dé láàárọ̀, á ní, "Ẹrú mi, ta ló ní kó o jókòó kí n tó dé?" Bàrèbárì tó ń ta ata níbẹ̀ á ní, "Èmi tí mo ra ìwọ àti màálù ẹ pọ̀?" Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Lọ́jọ́ tọ́jà ò bá tà, mo máa ń gbé àpótí mi lọ síbẹ̀.

Kúnlé Kubwa:
Ẹni tó bá ní asthma bíi tèmi, kó ṣọ́ra o. Ẹ̀rín àríntakìtì máa ń gbé e dìde. Inhaler mi kì í kúrò lápò. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún níkùn náà, kó rọra.

Ní Mumbai lọ́dún 1995, Dókítà Madan Kataria kó èèyàn mélòó kan jọ sí ọgbà ìgbafẹ́, kí wọ́n máa pa àwàdà láàárọ̀. Kò pẹ́ táwàdà tán. Ló bá ní kí wọ́n máa dìídì rẹ́rìn-ín láìsí àwàdà rárá, ẹ̀rín àfipáṣe náà sì ń di gidi. Ẹ jẹ́ ká dán an wò ní Millennium Park, kí síkiọ́ríìtì lé wa jáde.

Ìyá Dámi, Mararaba:
Ẹ ṣé o. Nọ́ọ̀sì, mo ti lo oògùn alẹ́. Bàbá Kánò, Fúlàní ni ọ̀gá wa lọ́fíìsì, ará Ìjẹ̀bú sì lèmi. Tí mo bá wọlé lọ́la tí mo pè é lẹ́rú mi, ṣé barkwanci ni wọ́n máa kà á sí, àbí kẹ́ ẹ ti máa bá mi wá iṣẹ́ míì?