Mélòó Ló Wà Lẹ́rẹ̀kẹ́ Rẹ̀? Ìrírí Wa Lórí Dídá Àmọ̀tẹ́kùn Kan Mọ̀ Yàtọ̀ sí Èkejì

Ẹni tó ṣí ọ̀rọ̀ náà, láti Johannesburg

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ṣèlérí pé n ó sọ bí mo ṣe parọ́ láìmọ̀ fún odindi àgọ́ kan ní igbó ọba Kruger, nílẹ̀ South Africa, kí ẹ̀yin náà lè wá sọ tiyín.

Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé Johannesburg, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni mo sì máa ń lọ sí Kruger, nítorí pé ìgbà òtútù ni lọ́hùn-ún nígbà náà: òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, koríko á ti gbẹ wálẹ̀, ewé á ti rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ igi, ẹranko á sì máa wá mu omi létí odò. Ọdún 1926 ni wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà ìjọba, ó sì fẹ̀ ju 19,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ènìyàn lè fi ọkọ̀ ara rẹ̀ rìn ín, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sáré ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀nà ọlọ́dà, kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àfi níbi tí wọ́n bá yàn fún un.

Ọ̀nà tó gba ẹ̀bá odò Sabie láti Skukuza lọ sí Lower Sabie ni àwọn tó ń wá àmọ̀tẹ́kùn máa ń tọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ọkọ̀ méjì ti dúró kí n tó débẹ̀. Mo wo abẹ́ igi, mi ò rí nǹkan. Mo wo inú koríko, mi ò rí nǹkan. Obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ iwájú mi ló nàka sókè fún mi. Ìrù kan ló ń fì lára igi pàǹdòrò, èmi sì ti kọ́kọ́ rò pé ọ̀kan nínú àwọn èso rẹ̀ tó máa ń rọ̀ dirodiro ni. Abo ni. Ó na ara lórí ẹ̀ka, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀ sílẹ̀, ó sì ti há òkú impala, ẹranko tó fara jọ àgbọ̀nrín, sí ibi tí ẹ̀ka méjì ti pín yà lẹ́yìn rẹ̀ kí ìkookò má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún sí ibẹ̀, àmọ̀tẹ́kùn kan gba iwájú ọkọ̀ mi kọjá. Ní ọjọ́ kẹta, mo tún rí ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn odò. Bí a ṣe ń dáná ẹran lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti àwọn tí kò fẹ́ gbọ́, pé abo kan ṣoṣo ni mo rí lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé mo ti mọ ojú rẹ̀, àti pé mo ti sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́.

Bàbá àgbàlagbà kan wà láàárín wa tó ti ṣe iṣẹ́ amọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọ̀kan lára àwọn igbó aládàáni tó bá Kruger pààlà. Ó ní kí n gbé kámẹ́rà mi wá. Kò wo ẹranko náà bí mo ṣe ń wò ó, ńṣe ló fa àwòrán ọjọ́ kìíní tóbi títí tó fi ku ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, ó wá bi mí pé, “Mélòó ló wà lókè?” N kò mọ ohun tó ń bi mí.

Àlàyé tó ṣe rèé. Irun imú àmọ̀tẹ́kùn hù ní ẹsẹẹsẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àmì dúdú kéékèèké sì tò tẹ̀ lé ìdí àwọn irun yìí. Lókè ẹsẹ̀ irun tó ga jù lọ, ẹ ó rí àmì mélòó kan tó dá dúró. Àwọn yìí ni wọ́n ń kà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, ti òsì lọ́tọ̀, tí wọ́n á fi sọ pé mẹ́ta sí mẹ́ta ni ẹranko yìí, tàbí pé mẹ́rin sí mẹ́ta ni tọ̀hún. Ọ̀nà náà ti pẹ́: lọ́dún 1970 ni Pennycuick àti Rudnai ti kọ̀wé lórí irú rẹ̀ fún dídá àwọn kìnnìún mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí bàbá náà ṣàlàyé tán. Inú ìran tó ń fi àbàjà mẹ́ta àti àbàjà mẹ́rin mọ ọmọ ilé kan yàtọ̀ sí ti èkejì ni mo ti jáde wá, àwọn ọdẹ wa sì ń ki ẹkùn ní olólà ijù. Èmi ni mi ò ronú wo ilà tó wà lójú olólà fúnra rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ọjọ́ kìíní: mẹ́ta lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ọjọ́ kẹta: mẹ́ta lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ọjọ́ kejì: mẹ́rin lọ́tùn-ún. Bàbá náà fi ìka kan àwòrán yẹn níbòmíràn, ó ní kí n wo bí ọrùn ṣe ki tó àti bí orí ṣe fẹ̀ tó, ó wá fi ìka kan ohun tó wà lábẹ́ ìrù, tó hàn kedere tí ọmọdé kò lè ṣì í mọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ọjọ́ kejì, akọ ni. Gbogbo àgọ́ ló rẹ́rìn-ín, wọn kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí tí a fi túká.

Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má rò pé iye yẹn nìkan tó, nítorí pé ọ̀pọ̀ àmọ̀tẹ́kùn ló lè jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́ta ní agbègbè kan náà. Ohun tí kíkà ń ṣe ni pé ó ń dín àwọn tí a ń fura sí kù. Lẹ́yìn náà ni a óò wá fi àmì iwájú orí, èyí tó wà lókè ojú, àti àwọn àmì inú ìhà tó ṣù jọ bí òdòdó wéra wọn. Àwọn àmì wọ̀nyẹn kì í yí padà láti kékeré títí dọjọ́ ikú, nígbà tí ojú ọgbẹ́ lè jinná, tí etí tó pé lónìí sì lè fàya lọ́la. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya àwòrán méje, mẹ́jọ léra wọn bí ẹranko bá ti yí orí, nítorí pé eṣinṣin tó bà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń jọ àmì gan-an, ẹ̀jẹ̀ ẹran tó sì gbẹ sójú a máa bo àmì mọ́lẹ̀. Mo sì máa ń pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n.

Ó kàn yín o.

Láti Kétu, ní ilẹ̀ Benin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ẹ̀sín. Èmi kò rí àmọ̀tẹ́kùn lójúkorojú rí, bẹ́ẹ̀ ni mo ti ka àmì ara wọn títí tí oorun fi gbé mi lọ nídìí kọ̀ǹpútà.

Ṣáájú ọdún 2019, mo bá àwọn olùwádìí kan ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní igbó ọba Pendjari, ní apá àríwá ilẹ̀ wa lẹ́bàá ààlà Burkina Faso. Àmọ̀tẹ́kùn ibẹ̀ kò pọ̀, wọn kì í sì í dúró de ọkọ̀ bí ti Kruger. Nítorí náà ni a ṣe ń so kámẹ́rà mọ́ igi, èyí tó máa ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ bí ohun tó gbóná bá kọjá níwájú rẹ̀. Ìwọ̀n orúnkún ni a máa ń so ó sí, méjì-méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ipa ẹsẹ̀ ẹranko, èkejì lápá òsì, a ó sì yẹ ọ̀kan sẹ́yìn díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ èyí má baà ba àwòrán tọ̀hún jẹ́. Nínú ẹgbẹ̀rún àwòrán, ìmàdò, ọ̀bọ àti koríko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ló máa ń pọ̀ jù.

Ìdí tó fi jẹ́ méjì ni pé àmì ìhà ọ̀tún àmọ̀tẹ́kùn kò bá ti ìhà òsì rẹ̀ mu rárá. Bí ẹ bá rí ìhà ọ̀tún nìkan lónìí, tí ẹ sì rí ìhà òsì nìkan lọ́la, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ẹranko kan ni tàbí méjì. Níbi kan, ikán jẹ wọ inú kámẹ́rà apá kan. Níbòmíràn, erin já ọ̀kan bọ́ lára igi ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A wá bá ara wa pẹ̀lú ìhà òsì kan níhìn-ín, ìhà ọ̀tún kan lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa fẹ́ kí a rò wọ́n pọ̀, nítorí pé gbogbo wa ló wù kí àmọ̀tẹ́kùn pọ̀ nínú igbó wa. Ọ̀gá wa kò gbà. Ó ní kí a ka àwọn ìhà òsì lọ́tọ̀, kí a ka àwọn ìhà ọ̀tún lọ́tọ̀, kí a sì mú apá tí iye rẹ̀ bá pọ̀ jù, kí a má ṣe da méjèèjì pọ̀. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n òun ló tọ̀nà.

Tèmi tó jọ ti Àbẹ̀kẹ́ yín nìyí. Lọ́jọ́ kan, àwòrán fi hàn pé àmọ̀tẹ́kùn kan wà níbi méjì tó jìnnà síra gan-an láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A wo àmì èjìká, wọ́n bára mu. A wo ti itan, wọ́n bára mu. Àwọn kan ti ń fẹ́ sọ pé ẹranko méjì ló jọra wọn, ni ọ̀gá wá bá bi mí bí mo ṣe kọ orúkọ sára àwọn káàdì tí kámẹ́rà ń tọ́jú àwòrán sí nígbà tí mo ń kó wọn bọ̀. Èmi ni mo fi orúkọ ibùdó kan sára káàdì ibùdó mìíràn. Àmọ̀tẹ́kùn náà kò kúrò lójú kan. Òǹkọ̀wé ló fò ó láti ibì kan dé ibòmíràn.

Láti London

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, tèmi kò gùn. Èmi àti ìyàwó mi lọ sí Yala, ní gúúsù Sri Lanka, igbó tó ti di ọgbà ìjọba láti ọdún 1938. Kò sí kìnnìún tàbí ìkookò ní erékùṣù yẹn, ìyẹn ni àmọ̀tẹ́kùn ibẹ̀ ṣe ń rìn lọ́nà bí olówó orí tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Lórí àpáta gbàǹgbà la ti rí ọ̀kan tó ń yá oòrùn. Ariwo ọkọ̀ jíìpù pọ̀ jù fún mi. Mo ka mẹ́rìnlá tó ń jà fún àyè ní ojú kan náà, mo sì rò pé ìtìjú ni fún àwa tó wá wò ó.

Awakọ̀ wa ló kọ́ mi ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà níbí. Mo fi àwòrán tí ọ̀rẹ́ mi kan yà ní ọdún tó ṣáájú hàn án, ó wò ó títí, ó ní òun kò mọ ẹranko yìí rí, ìyẹn sì yà á lẹ́nu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wo pátákó tó wà lẹ́yìn ẹranko náà nínú àwòrán, ó rí i pé ẹ̀yìn-sí-iwájú ni lẹ́tà ara rẹ̀ wà. Ọ̀rẹ́ mi ti dojú àwòrán náà kọ apá kejì kí ó lè lẹ́wà, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ọ̀tún ti di òsì. Bí a ṣe dá a padà báyìí ni awakọ̀ náà pàtẹ́wọ́, ó ní, “Mo mọ ìyá rẹ̀!”

Ẹni tó ṣí ọ̀rọ̀ náà

Ẹ̀yin ará London, ẹ ṣeun. Mo ti lọ yẹ àwọn àwòrán mi wò nítorí ọ̀rọ̀ yín, mo sì rí méjì tí mo ti dà rú bẹ́ẹ̀. Ará Kétu, ọ̀rọ̀ ìhà òsì àti ìhà ọ̀tún yẹn ló jẹ́ kí n sọ èyí tó kù.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lójú ọ̀nà Lower Sabie kan náà, mo rí abo kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi sọ pé kì í ṣe ti èṣí, nítorí pé etí ti èṣí pé, etí òsì tèyí sì ti fàya títí dé àárín. N kò bá a jiyàn. Mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó yí ojú sọ́dọ̀ wa: mẹ́ta lọ́tùn-ún, méjì lósì, àmì mẹ́ta sì wà lókè ojú òsì tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán orí igi pàǹdòrò. Mo na fóònù mi sí ọkùnrin náà láti ojú fèrèsé. Ó wò ó, ó mi orí, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ náà kò fara balẹ̀. Ó ń fi ìrù ìyá rẹ̀ ṣeré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan ni mo sì rí kí ìyá tó dìde, kí àwọn méjèèjì tó wọ inú esùsú lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: ọmọ, ọ̀tún mẹ́rin. Mo kọ òsì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àyè náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.