Ṣé kí n ṣì máa gbé pọ́ọ̀sì kiri?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Pọ́ọ̀sì aláwọ tí bàbá mi fún mi ti rí pẹlẹbẹ. Káàdì báǹkì àti ₦200 kan tó ti gbó ló kù nínú ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó náírà wọ́n bí ojú, tá a ń tò sẹ́nu báǹkì láti ìdájí, ni mo ti fara mọ́ tiránsífà. Àní ìyá aláta mi ní Bódìjà ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí.

Àmọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọ Micra láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀. Owó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà. Gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò mí bí olè. Ìyá àgbà kan ló tú ìdí aṣọ rẹ̀, ló bá mi san án. Ojú tì mí gan-an.

Oní-POS á yọ owó tiẹ̀, ẹ̀rù àwọn tó ń yọ owó lápò ẹni sì ń bà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọkọ̀ lójoojúmọ́, èló lẹ ń mú dání? Inú pọ́ọ̀sì ni, àbí ẹ ń pín in sápò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?