Cirrus SR22 tàbí Bonanza A36: èwo ni kí n rà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ní bàálù tiyín. Houston ni mò ń gbé, àlòkù ni mo fẹ́ rà. Ẹ́ńjìnnì IO-550 ti Continental ló wà nínú méjèèjì tí mo ń wò: agbára ẹṣin 310 nínú SR22, 300 nínú A36. Ìyàwó mi ní òun ò ní wọ èyí tí kò bá ní páráṣúùtì tó ń gbé odindi bàálù sọ̀ kalẹ̀ bíi ti Cirrus. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta la bí, ìjókòó 6 ló sì wà nínú Bonanza. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò débi pé àbíkẹ́yìn wa dá gùn ún wọlé. Ẹsẹ̀ táyà Bonanza tó ń ká wọnú lófuurufú ló ń bà mí lẹ́rù: ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ńkọ́? Ọdún 10-10 sì ni wọ́n ń pààrọ̀ páráṣúùtì Cirrus, owó ńlá nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti lo méjèèjì rí, èló ló ń ná yín lọ́dún?