Gbá àti ta ti tó: ta ló ń ṣá ìka?

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé.

Ọ̀dọ́mọdé kan láti Òṣogbo níbí ló bi wá léèrè: irú box guitar wo ni kí òun rà, tí òun á lè máa fi gbá kọ́ọ̀dù lé orin ìyìn, tí òun á sì tún lè máa fi ìka ta lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹnikẹ́ni ò tíì dá a lóhùn tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi gbé ọ̀rọ̀ tuntun méjì kalẹ̀: “ìlùpọ̀” fún ti àkọ́kọ́, “ìṣáka” fún ti èkejì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ṣá ìka? Àdá ní ń ṣá nǹkan. Bó bá jẹ́ “ṣà” lẹ ní lọ́kàn, tí àmì ohùn ló ṣì yín lọ́wọ́, kò tíì tọ̀nà síbẹ̀. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, ẹ̀wà ló ń ṣà. Okùn là ń ta lára gìtá. Ìka là ń fi ta á. Ẹ wá gbé ìka sí ipò àbọ̀! Àwọn àgbà tó sọ pé “àfọwọ́kọ” kò gbàgbé “fi” inú rẹ̀. Bó bá di dandan kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, “àfìkata” ni.

“Ìlùpọ̀” ńkọ́? Ẹnìkan ti fi “bí òwe bí òwe là ń lù ìlù àgídìgbo” gbèjà rẹ̀, ó ní ìka ni wọ́n fi ń ta àgídìgbo, síbẹ̀ “lù” ni òwe wí. Lójú tèmi, àgídìgbo inú òwe yẹn ìlù ni, kì í ṣe àpótí tí wọ́n to irin sí. Mo mọ̀ pé wọn ò ní gbà fún mi.

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní gìtá ní Òkè-Fíà, “gbá” àti “ta” ni mo bá lẹ́nu àwọn tó kọ́ mi. A ń gbá ilẹ̀, ọwọ̀ a kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ ṣe ń kọjá lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn onígìtá ilé ẹlẹ́mu, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ péré ni wọ́n fi ń ta tiwọn: àtàǹpàkò di béèsì mú, ìlábẹ̀ gbé orin. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí, ó sì ń dùn mí.

Ìwọ ọmọ tó béèrè, gbọ́. Dreadnought, irú gìtá ńlá kan tí ilé-iṣẹ́ Martin ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ní 1916, ọba gbígbá ni. Ikùn rẹ̀ tóbi, béèsì rẹ̀ ń bú ramúramù, ṣùgbọ́n bí o bá fi ìka ta á jẹ́jẹ́, béèsì yẹn a máa bo okùn tínínrín mọ́lẹ̀. Wá èyí tí wọ́n ṣe bíi OM (Orchestra Model), irú gìtá mìíràn tí Martin gbé jáde ní 1929. Ikùn rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti dreadnought, ìbàdí rẹ̀ sún wọlé, okùn rẹ̀ sì ń dún dọ́gba. Orí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 44, èyí tí ọ̀pọ̀ dreadnought kò tó; ìka ọwọ́ òsì á ráyè. Kí ojú rẹ̀, ìyẹn pákó iwájú, jẹ́ igi spruce. Igi cedar tètè ń dáhùn sí ìka, àmọ́ bí o bá gbá a kíkankíkan, ohùn rẹ̀ a dàrú. Okùn tí wọ́n ń pè ní 12, ìyẹn èyí tí okùn tó tín jù nínú rẹ̀ nípọn tó 0.012 ínǹṣì, ni kí o fi sí i. Kí o tó sanwó, gbá a tagbára-tagbára, kí o wá ta á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí o fetí sí okùn kìíní bóyá ó ṣì ń dún ketekete. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó igi tí wọn ò to ní ìpele-ìpele lẹ̀ pọ̀, má fi í sílẹ̀ níta nígbà ọyẹ́, ó lè là.

Ẹni tó ní “dùùrù” ni kí a máa pe gìtá, ẹ fi mí sílẹ̀. Dùùrù ni ti inú Sáàmù, dùùrù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ tún fẹ́ di gìtá rù ú? Ní Òṣogbo níbí, ìlú tí wọ́n ti bí King Sunny Adé ní 1946, gìtá ni à ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń retí yín: ẹnu olórin wo lẹ ti gbọ́ “ìṣáka” rí?

Ọmọ Òròkí