Ìlú kásínò la fẹ́ fi ṣe ibùdó nígbà òtútù, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrìn o. Èmi àti ìyàwó mi kò nílé kan pàtó mọ́, inú ọkọ̀ la wà, iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì la sì fi ń jẹun. Nígbà òtútù tó ń bọ̀, a fẹ́ máa lọ bọ̀ láàárín Las Vegas àti Laughlin, ìlú kásínò (ilé tẹ́tẹ́) méjì ní ìpínlẹ̀ Nevada, Amẹ́ríkà, torí pé owó yàrá ibẹ̀ máa ń wálẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀. A kì í ta tẹ́tẹ́ o, kẹ́nikẹ́ni má wàásù fún wa.

Òpin ọ̀sẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Tó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, owó yàrá á fò sókè, àfikún tí wọ́n ń pè ní resort fee á tún gorí ẹ̀. Ṣé ẹ máa ń sọdá odò Colorado láti Laughlin lọ sí Bullhead City ni, àbí inú ọkọ̀ lẹ máa ń sùn? Ìpínlẹ̀ Arizona ni Bullhead City wà, aago ibẹ̀ sì máa ń fi wákàtí kan ṣíwájú ti Nevada nígbà òtútù. Ẹni tó ní ìpàdé àárọ̀ bíi tèmi á mọ wàhálà tó wà níbẹ̀.

Àwọn kásínò kan ń jẹ́ kí èèyàn sùn nínú ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí wọn, àwọn mìíràn ń lé èèyàn. Ta lẹ máa ń kọ́kọ́ bi, ẹ̀ṣọ́ ni àbí ẹni tó wà nídìí káńtà?

Ti sìgá ńkọ́? Ìyàwó mi ò lè gba òórùn ẹ̀ sára, bẹ́ẹ̀ òfin Nevada gbà á láyè nínú gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́. Ilé ìtura wo lẹ mọ̀ ní Laughlin tí èèyàn lè dé yàrá ẹ̀ láìgba àárín gbọ̀ngàn yẹn kọjá?